Òròmọdìẹ tí kò mọ ìyá rẹ̀: bí oúnjẹ adìẹ ṣe yí padà láti 1948 títí dé Ọjà'ba

1/
Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá ibi fìdí lé, thread yìí gùn díẹ̀. Kí ló pa eèrí ògì tí wọ́n ń dà sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní Ọjà'ba pọ̀ mọ́ adìẹ broiler tí ẹ jẹ lọ́jọ́ Sunday? Ó jọ pé wọn ò tan rárá. Àmọ́ wọ́n tan o. Ìtàn tó so wọ́n pọ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó gba Amẹ́ríkà kọjá, ó ya Finland, ó sì tún padà wá sílé.

2/
Ká bẹ̀rẹ̀ láti àárín ìgboro. Ẹni tó bá ti rìn láti Bẹẹrẹ gòkè lọ sí Mápó, tó sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba, tó tún yà sí Bẹyẹrúnká, á mọ̀ pé agboolé ló kún ibẹ̀. Páànù tó ti dípẹtà, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojúde. Nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngán Mápó ní 1929, adìẹ tó ń jẹ̀ kiri ní ẹsẹ̀ òkè yẹn, adìẹ ìbílẹ̀ ni. Wọn ò kà á sí iṣẹ́. Ó kàn wà nínú ilé bí ọmọ ilé ni.

3/
Kí ló ń jẹ? Ohun tó bá rí. Kòkòrò, koríko, ọkà tó dà sílẹ̀, àti eèrí. Fún ẹ̀yin tí ògì inú ọ̀rá nìkan lẹ mọ̀: ìyá alógì á rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, á lọ̀ ọ́, á sẹ́ ẹ. Háhá tó bá kù nínú asẹ́ ni eèrí. Kíkan ló máa ń kan. Adìẹ àti ewúrẹ́ ló ni ín. Ẹ fi eèrí yìí sápò, a máa padà mú un.

4/
Òròmọdìẹ ńkọ́? Ìyá ẹ̀ ló sàba lé e. Ọjọ́ tó jáde nínú ẹyin, abẹ́ ìyẹ́ ìyá ẹ̀ ló wà. Ibi tí ìyá bá wa ilẹ̀ lòun náà ń wà. Ó ń tẹ ìgbẹ́ ìyá ẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń ṣà nínú ẹ̀. Ẹ má bínú tẹ́ ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ yẹn ṣe pàtàkì. Ọ̀nà ibẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí rere ń gbà kúrò nínú ìfun ìyá bọ́ sínú ìfun ọmọ.

5/
Àwọn àgbà ní òròmọdìẹ ò mọ àwòdì, ìyá ẹ̀ ló mọ àṣá. Bó ṣe rí lójúde náà ló rí nínú ìfun. Kòkòrò rere tí ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá ló máa ń gba ààyè kún kí kòkòrò burúkú tó dé. Ọmọ ò mọ Salmonella. Ìyá ẹ̀ ló ti bá a mọ̀ ọ́n.

6/
Ó wá di ọdún 1948. Ọdún yẹn ni nǹkan mẹ́ta ṣẹlẹ̀ níbi tó jìnnà síra, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọ̀la ni wọ́n máa pàdé nínú abọ́ oúnjẹ adìẹ.

7/
Àkọ́kọ́, ní Ìbàdàn níbí. 1948 ni wọ́n dá University College Ibadan sílẹ̀. Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nínú ilé tí àwọn ọmọ ogun ti lò bí ilé ìwòsàn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ló di Yunifásítì Ìbàdàn ní 1962. Níbẹ̀ ni wọ́n ti wá ń kọ́ ọmọ wa bí a ṣe ń fi ìwé àti ìwọ̀n bọ́ ẹran.

8/
Ìkejì, ní Delaware, ní Amẹ́ríkà. Ilé ìtajà ńlá kan tó ń jẹ́ A&P ló ṣonígbọ̀wọ́ ìdíje tí wọ́n pè ní Chicken of Tomorrow. Adìẹ tí wọ́n ń wá ni èyí tí àyà rẹ̀ fẹ̀, tó tètè dàgbà, tí kò náni lówó púpọ̀. Charles Vantress láti California ló gbégbá orókè ní 1948. Inú irú adìẹ bẹ́ẹ̀ ni broiler òní ti ṣẹ̀ wá.

9/
Ẹ fẹ́ mọ bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe pọ̀ tó? Ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà, wọ́n sin oríṣi mẹ́ta pọ̀, wọ́n sì bọ́ wọn ní oúnjẹ kan náà: irú 1957, irú 1978, irú 2005. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Ní ọjọ́ 56, irú 1957 wọn gíráàmù 905. Irú 1978 wọn 1,808. Irú 2005 wọn 4,202. Oúnjẹ kan náà o! Ẹ̀jẹ̀ ló yàtọ̀. Adìẹ tó bá ń sáré dàgbà báyìí, ìfun rẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣàìsàn fún ọjọ́ kan.

10/
Ìkẹta ló dùn jù. Ọjọ́ Kérésìmesì 1948, àwọn èèyàn wà nílé wọn. Thomas Jukes nìkan ló wọ ilé iṣẹ́ òògùn Lederle lọ, ní Pearl River, ìpínlẹ̀ New York. Ó fẹ́ wọn òròmọdìẹ. Òun àti Robert Stokstad ń wá fítámì B12 tó pọ́ọ́kú tí wọ́n lè fi sínú oúnjẹ adìẹ. Lára ohun tí wọ́n dán wò ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe antibiotic kan tó ń jẹ́ aureomycin tán.

11/
Àwọn òròmọdìẹ tó jẹ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ló wúwo jù, ó tayọ ohun tí fítámì nìkan lè ṣe. Antibiotic tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ ló fà á. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 1950. Nígbà tó di 1951, ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i pé kí àgbẹ̀ máa fi antibiotic sínú oúnjẹ ẹran, láìsí ìwé dókítà ẹranko. Ẹran tí ara rẹ̀ le koko ni wọ́n ń fún o, lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, torí kó lè tètè sanra.

12/
Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe pa pọ̀. Òròmọdìẹ ò rí ìyá mọ́, ẹ̀rọ ló ń sàba lé ẹyin. Láti inú ẹ̀rọ, inú páálí. Láti inú páálí, inú ilé adìẹ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wà. Kòkòrò rere tó yẹ kí ìyá fún un, kò sẹ́ni tó fún un. Òògùn wá gba iṣẹ́ ìyá ṣe. Dípò kí ìfun ní olùgbé rere, wọ́n ń fi òògùn lé olùgbé burúkú. Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ẹ̀ wà.

13/
Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ní 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ gbé ètò abúlé oko kalẹ̀, farm settlement. Olóyè Akin Deko, mínísítà ètò ọ̀gbìn, ti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ísírẹ́lì. Adìẹ sísìn wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé fi ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni "adìẹ agric" ti ń di orúkọ lẹ́nu wa.

14/
Ní yunifásítì níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Victor Oyènúgà, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọ̀gbìn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, jókòó ti oúnjẹ tiwa. Wọ́n yẹ ohun tó wà nínú àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ewé àti èèpo wò, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn tó ń jẹ́ Nigeria's Foods and Feeding-Stuffs. Ìdí tí mo fi dárúkọ wọn ni pé wọ́n fi hàn pé oúnjẹ ẹran tiwa yẹ lẹ́ni tí à ń fi sáyẹ́ǹsì wò. Wọn ò wò ó bí ìdọ̀tí.

15/
Ní 1963, Pfizer, ilé iṣẹ́ òògùn, dá ẹ̀ka tó ń lọ oúnjẹ ẹran sílẹ̀ ní Ìkejà. Ẹ̀ka yẹn ló di Livestock Feeds. Mi ò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé lásìkò yẹn, káàkiri ayé, òògùn àti oúnjẹ ẹran ti ń gbé inú ilé kan náà. Àgbẹ̀ tó bá kọ́ adìẹ sísìn nígbà yẹn, ó ṣeé ṣe kó kọ́ méjèèjì pọ̀.

16/
Owó epo dé ní àwọn ọdún 1970, adìẹ agric pọ̀ sí i. SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, oúnjẹ adìẹ wọ́n, ọ̀pọ̀ oko adìẹ sì kógbá sílé. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ìjọba Ọbásanjọ́ fòfin de adìẹ dídì láti òkè òkun, làwọn èèyàn bá tún gbé àgò padà. Ní February 2006, àrùn adìẹ H5N1 wọ Nàìjíríà, Kaduna ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá le báyìí, ẹ̀rù àgbẹ̀ kékeré ló ń pọ̀ sí i.

17/
Ẹ jẹ́ ká gba tiwọn rò. Oúnjẹ nìkan máa ń kó bí ìdá 60 sí 70 nínú 100 owó tí wọ́n ń ná sórí adìẹ. Ẹni tó bá kó ọgọ́rùn-ún broiler sí yàrá kan lẹ́yìn agboolé nítorí ọdún, tí mẹ́wàá bá kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èrè ti lọ nìyẹn. Ló bá bu òògùn sómi láti ọjọ́ kìn-ín-ní, "kí wọ́n má baà ṣàìsàn". Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Aládìẹ náà ń làágùn.

18/
Wàhálà ẹ̀ rèé. Tó o bá ń fún kòkòrò ní antibiotic díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, aláìlágbára inú wọn á kú, alágídí á ṣẹ́kù. Alágídí á bí alágídí. Ó tún lè pín ọgbọ́n tó fi ń sá fún òògùn náà fún kòkòrò míì tí wọn ò tiẹ̀ jọ jẹ́ ẹbí. Ọgbọ́n yẹn á gba ọwọ́ ẹni tó ń pa adìẹ, á gba omi gọ́tà, á gba ìgbẹ́ adìẹ tí wọ́n dà sóko ẹ̀fọ́, á dé inú ilé.

19/
Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní 1969, ìgbìmọ̀ tí Michael Swann darí ní Bìrìtéènì ti kìlọ̀ pé òògùn tí èèyàn nílò, kí wọ́n má fi mú ẹran sanra. Sweden fòfin de antibiotic tó wà fún mímú ẹran dàgbà ní 1986. European Union parí tiwọn ní January 1, 2006. Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, 2017 ló tó dá àwọn tó ṣe pàtàkì fún èèyàn dúró. Ó gbà wọ́n ju ọgọ́ta ọdún lọ.

20/
Kí ló kàn wá? Ìwádìí tó jáde nínú The Lancet ní 2022 ṣírò pé ní 2019, èèyàn mílíọ̀nù 1.27 ni àìsàn tí òògùn ò ràn mọ́ pa ní tààrà. Agbègbè tó burú jù láyé ni Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó lé ní èèyàn 27 nínú gbogbo 100,000. Adìẹ nìkan kọ́ ló fà á o. Àwa náà tí à ń ra kápúsù méjì méjì lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, a wà níbẹ̀.

21/
Ṣùgbọ́n ẹ ro agboolé wò. Yàrá adìẹ, kànga àti ibi tí ọmọ ti ń ràkò, ìṣísẹ̀ mélòó ló wà láàárín wọn? Tí ọmọ bá gbé ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n fún un lóògùn, tí kò ràn án, kò sẹ́ni tó máa rántí adìẹ ọdún tó kọjá. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

22/
Nítorí náà, tá a bá yọ òògùn kúrò nínú oúnjẹ, kí la máa fi rọ́pò ẹ̀? Finland ló kọ́kọ́ dáhùn dáadáa. Salmonella ti da broiler wọn láàmú níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ní 1973, Nurmi àti Rantala mú ohun tó wà nínú ìfun àgbà adìẹ, wọ́n fún òròmọdìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Salmonella ò rí ààyè wọ̀ mọ́. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n dá ìgbẹ́ ìyá padà fún ọmọ.

23/
Láti ibẹ̀ ni probiotic ti wọ oúnjẹ adìẹ: kòkòrò rere alààyè tí wọ́n mọ̀ lórúkọ, tí wọ́n sì kà níye, bíi Lactobacillus, Bacillus, Enterococcus. Ní 1995, Glenn Gibson àti Marcel Roberfroid fún nǹkan méjì míì lórúkọ. Prebiotic: oúnjẹ tí ẹran fúnra ẹ̀ ò lè dà, àmọ́ tí kòkòrò rere inú ìfun fẹ́ràn. Synbiotic: kẹ́ ẹ fún un ní méjèèjì pọ̀.

24/
Ẹ wò ó bí àlejò. Probiotic nìkan dà bí àlejò tó dé ilé tí kò sóúnjẹ, kò ní pẹ́ tó fi máa lọ. Synbiotic ni àlejò tó gbé oúnjẹ tiẹ̀ dání. Tó bá ti rí jẹ, á máa ṣe ásíìdì, inú ìfun á kan díẹ̀, kòkòrò burúkú ò ní fẹ́ràn ibẹ̀. Ásíìdì yẹn náà ló ń bọ́ ara ìfun, kí àwọn irun wẹ́wẹ́ tó ń fa oúnjẹ lè ga dáadáa. Oúnjẹ kan náà, ẹran tó pọ̀ sí i.

25/
Prebiotic ọ̀hún ńkọ́? Inulin wà nínú àlùbọ́sà àti áyù. Mannan-oligosaccharide ń wá láti ara èèpo ìwúkàrà: kòkòrò burúkú á rọ̀ mọ́ ọn dípò kó rọ̀ mọ́ ara ìfun, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Àwọn fáíbà inú ọkà náà wà níbẹ̀.

26/
Ó yá, ẹ mú eèrí jáde lápò. Kí ló ń mú ògì kan? Kòkòrò rere ni. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Odunfa fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ oúnjẹ kíkan wa wò, irú bí ògì àti irú. Ní 1985, ìwádìí wọn lórí ògì bàbà jáde. Lactobacillus plantarum wà lára àwọn ọ̀gá inú ògì, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sì ni èyí tí wọ́n ń rọ sínú sáṣẹ́ẹ̀tì fún adìẹ lónìí.

27/
Ní Yaba, ní ilé ìwádìí ìṣègùn NIMR, Dókítà D. K. Olúkọ̀yà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yan irú kòkòrò ògì tó lágbára jù, wọ́n fi ṣe ògì kan tí wọ́n pè ní Dogik, kó lè bá ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé jà. 1994 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, Olúkọ̀yà yẹn náà ni, èyí tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí pásítọ̀ Mountain of Fire.

28/
Nítorí náà, adìẹ ìbílẹ̀ tó ń ṣa eèrí ní Ọjà'ba láyé àtijọ́, fáíbà àti kòkòrò rere ló ń jẹ pọ̀. Ìyá ẹ̀ sì ti fún un ní tiẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é ní synbiotic. Wọ́n pè é ní eèrí.

29/
Ẹ dúró o, kí ẹnikẹ́ni má ti ibí sáré lọ da omi ògì sílé broiler. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Eèrí ò ní ìwọ̀n, a ò mọ iye kòkòrò rere tó wà nínú ẹ̀, tí àgbàdo ọ̀hún bá sì ti hu, májèlé inú ẹ̀ lè pa adìẹ. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ni láti yan èyí tó dáa, kí wọ́n kà á, kí wọ́n dán an wò. Ọgbọ́n wà nílé, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà nílò ìwọ̀n.

30/
Synbiotic náà kì í ṣe idán. Ìwádìí púpọ̀ rí i pé adìẹ tó jẹ ẹ́ wúwo ju èyí tí kò jẹ nǹkan kan lọ. Àwọn míì ò rí ìyàtọ̀. Ó dúró lórí irú kòkòrò, iye ẹ̀, oúnjẹ, àti bí ilé adìẹ ṣe mọ́ tó. Kò lè wo Newcastle tàbí gumboro, abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣì ni tiwọn. Kò sì lè ṣe iṣẹ́ ìgbálẹ̀.

31/
Fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó:
• Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí kòkòrò rere tó bá ààyè.
• Omi ẹ̀rọ tó ní chlorine máa ń pa á. Ẹ lo omi tí kò ní in.
• Ẹ má fún un pọ̀ mọ́ antibiotic, ẹ ń fọwọ́ ọ̀tún kọ́ ọ, ẹ ń fọwọ́ òsì wó o.
• Ẹ má gbé e sóòrùn. Bacillus ló máa ń fara da ooru jù nínú wọn.
• Tí adìẹ bá ṣàìsàn, ẹ pe dókítà ẹranko. Tó bá ní kẹ́ ẹ lo òògùn, ẹ lò ó pé, kẹ́ ẹ sì ka iye ọjọ́ tó sọ kẹ́ ẹ tó tà á.

32/
Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé wọ́n gba ìyá lọ́wọ́ òròmọdìẹ, wọ́n fi òògùn rọ́pò ẹ̀, òògùn sì fẹ́ẹ̀ gba òògùn lọ́wọ́ àwa náà. Lẹ́yìn gbogbo owó àti ọdún yẹn, ibi tí sáyẹ́ǹsì padà sí ni ohun tí àgbébọ̀ kan ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lójúde ní Bẹyẹrúnká. Ẹ má jẹ́ kí adìẹ ìbílẹ̀ tán nínú agboolé, ẹ má sì fi alógì ṣe yẹ̀yẹ́. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó ń sin broiler fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ fi thread yìí ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tó ra òògùn.